Sẹ́ǹtì Lọ, Sẹ́ǹtì Dé: Virginia àti Owó Orí Epo Ọkọ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ìjọba Nàìjíríà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Èébú tí wọ́n ti jẹ lórí ọ̀rọ̀ epo, wọ́n lè máa jẹ àjẹkù rẹ̀ títí di Kérésì. Òkèèrè ni ẹ̀fẹ̀ wa ń lọ, sọ́dọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Virginia. Ààrẹ mẹ́jọ ni wọ́n bí síbẹ̀, George Washington ló sì ṣáájú wọn. Láti ọdún 1619 ni wọ́n ti ń jókòó ṣòfin. Pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí yẹn, ẹ bi wọ́n pé báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n máa gba owó orí lórí gálọ́ọ̀nù epo kan, ẹ óò rí àgbàlagbà tó ń họ orí.

Láàárín ọdún méje péré, láti 2013 sí 2020, wọ́n kọ sẹ́ǹtì sílẹ̀, wọ́n lọ bá ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n padà wá kan ilẹ̀kùn sẹ́ǹtì. Sẹ́ǹtì ò bá wọn yan odì. Ó gbà wọ́n wọlé, ó kàn ní kí wọ́n wá san owó orí òun lákọ̀tun, kí wọ́n sì fi nǹkan gidi kún un. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní Woodbridge àti Alexandria, ẹ má fajú ro sí mi. Èmi kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ lọ tẹ̀dó sáàárín àwọn tí ò mọ èyí tí wọ́n fẹ́.

Ọdún 1986 ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Gómìnà Gerald Baliles pe àwọn aṣòfin jọ lákànṣe nítorí títì, nígbà tó sì fi di 1987, owó orí epo bẹntiróòlù ti di sẹ́ǹtì 17.5 lórí gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ó bójú mu nígbà náà, torí gálọ́ọ̀nù epo fúnra rẹ̀ ò tó dọ́là kan. Ṣùgbọ́n Baliles kúrò lórí oyè, sẹ́ǹtì 17.5 ò bá a lọ. Gómìnà márùn-ún mìíràn jẹ, wọ́n sì kógbá wọlé lẹ́yìn rẹ̀, sẹ́ǹtì 17.5 ò mira. Epo lé ní dọ́là mẹ́ta, kò mira.

Ẹ mọ irú ọkọ kan tó jẹ́ pé owó ọbẹ̀ tó fún ìyàwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣègbéyàwó náà ló ń fún un dòní. Ọmọ ti pé mẹ́rin, àkọ́bí ti wọ yunifásítì, iye yẹn náà ló ṣì ń kà sórí fíríìjì láràárọ̀. Bí obìnrin bá ní kò tó, á ní, "Ṣé kì í ṣe iye tí a jọ fẹnu kò sí nìyí?" Lálẹ́, tó bá ṣí ìkòkò tí kò bá ẹran, á ké gbàjarè pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé òun. Virginia àti títì rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dà gbówó lórí, òkúta gbówó lórí, owó òṣìṣẹ́ ròkè, ọkọ̀ pọ̀ sí i, àwọn ọkọ̀ tuntun náà ò sì mu epo bíi ti àtijọ́ mọ́. Wọ́n ṣì ń ka 17.5 sílẹ̀. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wá dá wọn dúró lórí òpópónà I-95 títí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á fi sùn jí, wọ́n á ní, "Kí tiẹ̀ ni ìjọba ń fowó wa ṣe?"

N bá nà wọ́n dáadáa lórí èyí, ìjọba àpapọ̀ ni kò jẹ́. Sẹ́ǹtì 18.4 tí Washington ń gbà lórí gálọ́ọ̀nù, ọdún 1993 ni wọ́n ti sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe.

Ìbẹ̀rù ló dè wọ́n mọ́lẹ̀. Òṣèlú Richmond, olú-ìlú wọn, lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ níwájú olùdìbò, àfi gbólóhùn kan: "A fẹ́ fi sẹ́ǹtì márùn-ún kún owó orí epo." Bó bá ti ku díẹ̀ kó sọ ọ́, ikọ́ á gbé e, á ní kí wọ́n fún òun lómi. Lẹ́yìn omi, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà ìgbàlódé tí a lè gbà tún ètò ìnáwó ìrìnnà gbé yẹ̀ wò. Ẹ bá ti gbọ́ "ọ̀nà ìgbàlódé" lẹ́nu òṣèlú, ẹ fọwọ́ bo àpò.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, Gómìnà Bob McDonnell jáde, ó ní òun ti rí oògùn rẹ̀. Ó ní ká má gba owó orí lórí epo bẹntiróòlù mọ́ rárá. Virginia ni ì bá kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Owó títì wá ńkọ́? Ó ní kí wọ́n bù ú lé owó orí ọjà: kí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún di 5.8.

Ẹ jẹ́ ká wo ọgbọ́n yìí tìdí-tìdí. Màmá àgbà kan wà ní Richmond tí wọn ò ní mọ́tò, tí wọn ò tiẹ̀ fẹ́ràn ariwo rẹ̀. Wọ́n lọ ra bàtà àti ọṣẹ ìfọṣọ. Wọ́n ti sanwó títì. Arákùnrin kan ń bọ̀ láti New York, ó ń lọ jayé ní Florida. Ó yà ní Virginia, ó rọ epo kún táǹkì, ó fi táyà họ títì wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ju ike omi síta lójú fèrèsé, ó juwọ́ ó dàbọ̀. Kò ní san kọ́bọ̀ lórí epo náà fún Virginia. Gómìnà wo méjèèjì, ó ní ìlọsíwájú nìyẹn.

Ẹ dákun, ẹ má pè mí ní ẹlẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ferrari yẹn ò lè ṣe kó má jáde. Nílé ẹjọ́ lọ́dún 2014, wọ́n sọ bí oníṣòwò kan ṣe gbé Ferrari rẹ̀ fún gómìnà àti ìyàwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ gbafẹ́ létí adágún Smith Mountain ní 2011, tó sì jẹ́ pé gómìnà fúnra rẹ̀ ló wà á bọ̀ wálé. Wọ́n dá wọn lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn. Ní 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ẹ̀bi gómìnà, gbogbo adájọ́ ló panu pọ̀, ẹjọ́ sì parí. Èmi náà ò ní ẹ̀sùn kankan. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó fi Ferrari ẹlòmíràn najú, kò dájú pé òun ni ká ní kó wá bá àwa oní-Camry ro ọ̀rọ̀ iye tí gálọ́ọ̀nù ń jẹ́.

Ká padà sórí epo: àwọn aṣòfin ò gba àbá McDonnell pátápátá. Wọ́n fà á, wọ́n fà á, nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, wọ́n sè é di àmúlùmálà. Sẹ́ǹtì 17.5 kúrò. Dípò rẹ̀, ìjọba á máa gba ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye tí àwọn alágbàtà ńlá ń ta epo kó tó dé ilé epo. Ti dísù jẹ́ ìdá 6. Owó orí ọjà di 5.3, lápá àríwá ìpínlẹ̀ náà, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, àti ní Hampton Roads, ó di 6. Ẹni tó bá sì ní ọkọ̀ oníná tàbí ọkọ̀ tó ń lo iná àti epo pa pọ̀, kó máa mú dọ́là 64 wá lọ́dọọdún. Ọ̀kan jáde, mẹ́ta wọlé, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2013, owó orí náà já wálẹ̀ sí nǹkan bíi sẹ́ǹtì 11. Àwọn èèyàn wa múra, wọ́n lọ sí ilé epo bí ẹni ń lọ gba ogún. Wọ́n wo páńpù níwájú, wọ́n wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Owó yìí kì í sí lórí páńpù: ibùdó tí táńkà ti ń gbé epo ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ alágbàtà, alágbàtà á dà á sínú iye tó ń tà, onílé epo á dà á lé oníbàárà lórí, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n dá a padà bó bá dínkù. Ohun kan ṣoṣo tí èèyàn lè rí níbẹ̀ ni 9 kékeré tó máa ń lúgọ sí ìdí iye owó epo ní Amẹ́ríkà, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá sẹ́ǹtì kan. Kò sẹ́ni tí wọ́n fún ní ṣéńjì ìdá kan tó kù rí. Ta ló tiẹ̀ ń gba owó orí epo náà fún ìjọba? DMV ni, ọ́fíìsì kan náà tó ya fọ́tò yín sórí láísẹ́ǹsì tẹ́ ẹ fi jọ ẹni tí ọlọ́pàá ń wá láti àárọ̀.

Mo ti fẹ́ gbóríyìn fún wọn níbẹ̀. Nítorí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ní làákàyè tirẹ̀: bí epo bá gbówó lórí, owó títì á bá a gòkè, òṣèlú ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wúkọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yìí ò lè gbin iṣu kan kí wọ́n má gbin pàkúté sí ìdí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé bí Congress, ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington, bá fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2015 láìṣe òfin tó máa jẹ́ kí ìpínlẹ̀ gba owó orí lórí ọjà tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìpínlẹ̀ mìíràn, kí ìdá 3.5 yẹn fò sí 5.1. Congress! Àwọn tí wọn kì í fẹnu kò lórí àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Bí èèyàn bá fẹ́ kí ohun kan má ṣẹlẹ̀, á so ó mọ́ Congress. Ọjọ́ pé, Congress ò ṣe nǹkan kan, owó orí fò, kò sì sí aṣòfin Richmond kankan tó ní láti gbé ọwọ́ sókè ní 2015. Ẹni tó ra bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣẹ̀, ẹni tó ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ló san ìtanràn. N ò fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n àrékérekè yẹn.

Ẹ dúró, ó kù. Nígbà tí ọdún 2014 ń parí lọ, epo rọ̀bì já wálẹ̀ gbìrìgbìrì lágbàáyé. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lórí epo, àbí? Epo wálẹ̀, owó orí náà yóò bá a wálẹ̀? Ẹ gbàgbé. Òfin ti ní iye tí wọ́n á fi ṣírò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ relẹ̀ ju iye tí epo jẹ́ lọ́jọ́ 20 oṣù kejì ọdún 2013. Bó bá ń gòkè, a jọ ń lọ. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa lọ ná. Bí owó orí náà ṣe dúró sójú kan nìyẹn ní sẹ́ǹtì 16.2, láti 2015 títí di 2020. Ṣé ẹ ti rí i? Wọ́n lé sẹ́ǹtì jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó wọ agbádá ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ó jókòó sórí àga rẹ̀ àtijọ́. Iye tó ń mú wá kò tiẹ̀ tó 17.5 tí Baliles fi sílẹ̀. Owó orí àdúgbò tí apá àríwá àti Hampton Roads ń san lórí epo nìkan ni wọn ò kọ́kọ́ fi ìdádúró sí lábẹ́. Ìyẹn já wálẹ̀ bó ṣe yẹ kó já, ojú ń pọ́n wọn, ó di 2018 kí wọ́n tó rántí fi igi tì í.

Nígbà tó di 2020, Gómìnà Ralph Northam ló wà lórí àga. Dókítà ọpọlọ ọmọdé ni Northam kó tó di olóṣèlú, bóyá ìdí nìyẹn tó fi tètè mọ irú aláìsàn tó wà níwájú òun. Ó fọwọ́ sí òfin tó kó gbogbo ìṣírò dànù: sẹ́ǹtì 21.2 lórí gálọ́ọ̀nù láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2020, 26.2 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láti 2022 sì ni yóò máa gòkè lọ́dọọdún bí ọjà bá ṣe ń gbówó lórí. Owó orí àdúgbò náà di sẹ́ǹtì, 7.6, wọ́n sì nà án dé gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Ìgbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà Kòrónà, tí ọkọ̀ jókòó síwájú ilé tí aláǹtakùn ń ta òwú sí i nídìí. Òun nìkan ni owó orí epo tí mo mọ̀ tó dé bá àwọn èèyàn nínú pìjámà.

Ọgbọ́n tó wà nínú èyí, pé kí sẹ́ǹtì máa dàgbà pẹ̀lú ọjà, wọn ì bá ti kọ ọ́ sínú òfin ní 1987, ká má tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Maryland tó bá wọn pààlà náà fi sẹ́ǹtì 23.5 jókòó láti 1992, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dìde ní 2013, wọ́n kúkú ní kó máa bá ọjà gòkè, wọ́n sì fi ìdá owó orí ọjà lé e lórí. Wọn ò kọ́kọ́ rìn gba Ferrari.

Ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kan ní Woodbridge. Ó ra Prius, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó ń lo iná àti epo pa pọ̀, torí pé ó mọ owó ṣọ́. Ó tún ń wàásù fún wa nídìí rẹ̀. Gbogbo ìpàdé ẹbí orí fóònù ló ti ń sọ iye máìlì tí gálọ́ọ̀nù kan gbé òun. Ọdún 2013, ìjọba ní kó mú dọ́là 64 wá torí kì í ra epo tó. Ọdún 2014, wọ́n fagi lé e fún irú ọkọ̀ tirẹ̀, ó ra màlúù fún ìdúpẹ́. (Màlúù náà ò tó kílò márùn-ún, inú ike ló wà.) Òfin 2020 tún dé, wọ́n ní ọkọ̀ tí gálọ́ọ̀nù kan bá gbé tó máìlì 25, kí onítọ̀hún máa san owó ìlò òpópónà: ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún nínú owó orí tí ọkọ̀ gbáàtúù ń san àmọ́ tí tirẹ̀ ò san. Ìwé náà máa ń bá ti ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ wá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Ó pè mí, inú ń bí i. "Ìwọ gbọ́ mi. Wọ́n ní kí n má ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Mi ò bà á jẹ́. Wọ́n wá ní kí n san owó èyí tí mi ò bà jẹ́!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Ṣé ọkọ̀ yín kì í tẹ títì ni, àbí ó ń fò?"

Bọ̀ọ̀dá pa fóònù mọ́ mi lójú. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Títì ni owó yẹn wà fún, kì í ṣe èéfín, Prius sì wúwo lórí títì bí ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo fi ń bu ìjọba ni pé ẹnu kan náà tó ní kí wọ́n ra ọkọ̀ tí kì í mu epo ló ń sọ pé, "Kí ló dé tó ò mu epo?"

Àwọn ará ìlú náà ò ní bọ́ lọ́wọ́ mi. Ní 2022, tí ogun Ukraine gbé epo kọjá dọ́là mẹ́rin, Gómìnà Glenn Youngkin ní kí wọ́n dáwọ́ owó orí epo dúró fún oṣù mẹ́ta. Àwọn sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà ní rárá. Maryland ní tiwọn dá a dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́. Háà, ẹ wá wo àwọn èèyàn wa! Ẹni tí kì í sọdá Woodrow Wilson Bridge lọ kí ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá, Áńtì ń bínú níwájú, àwọn ọmọ ń sunkún lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ń jó epo owó Virginia lọ láti lọ ra epo owó Maryland. Wọ́n jèrè sẹ́ǹtì, wọ́n pàdánù ọjọ́ Sátidé. Wọ́n dúró ní Oxon Hill, wọ́n ra súyà lé e.

Kí ẹnikẹ́ni nílé ní Nàìjíríà níbí má sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín jù. Òfin 2007 tiwa ti ní kí wọ́n máa yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí epo fún àtúnṣe títì, òfin owó orí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025 sì tún gbé ìdá 5 kalẹ̀ lórí bẹntiróòlù àti dísù, ó ní ọjọ́ tí mínísítà ètò ìṣúná bá kéde rẹ̀ nínú ìwé ìkéde ìjọba ni yóò bẹ̀rẹ̀. Virginia fi tiwọn há Congress lọ́wọ́. Tiwa wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ sì máa kí i dáadáa bẹ́ ẹ bá pàdé rẹ̀ lóde àríyá.

Ká padà sí Virginia. Ohun mìíràn tí wọ́n gbé dé ni pé ẹni tí kò bá fẹ́ san owó ìlò òpópónà lẹ́ẹ̀kan, láti oṣù keje 2022, ó lè máa san án máìlì-máìlì. Wọ́n á fún un ní nǹkan kékeré kan tó máa kì bọ abẹ́ sítía, yóò máa ka iye máìlì tó rìn, ohun tó máa san lọ́dún kò sì ní ju iye tí ì bá san lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹni tí kò bá rìn púpọ̀ ló máa jàǹfààní rẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní èyí gan-an ló yẹ wọ́n, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í jáde ju ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà lọ.

Bọ̀ọ̀dá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé á máa rí ibi tí mo bá lọ?"

Mo ní èèyàn lè mú èyí tí kì í wo ibi téèyàn wà, máìlì nìkan lá máa kà.

Ìyàwó wọn ti ń gbọ́ wa láti yàrá ìdáná. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú èyí tó ń wo ibi téèyàn wà," ni wọ́n pariwo wá. "Èmi á san ìyókù owó náà fún ìjọba!"

Bọ̀ọ̀dá ti fọwọ́ kọ̀wé lọ́jọ́ kejì. Gbogbo owó ìlò òpópónà ni wọ́n san, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìjanpata.